Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ mi ní kí a sun ìwé, kí ohun gbogbo wà lórí fóònù

Ìyá Olùkọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kó tó dìjà nínú ilé. Àkọ́bí mi ti fi fóònù ya gbogbo ìwé ẹ̀rí wa, ìwé ilẹ̀, àwọn fọ́tò àtijọ́, títí kan lẹ́tà tí bàbá wọn kọ sí mi kí a tó fẹ́ra. Ó ti kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ń pè ní cloud. Ó wá ní kí a dáná sun àwọn bébà náà torí pé wọ́n kàn ń gbàyè lásán ni. Kò tán síbẹ̀ o. Ó fẹ́ yọ lọ́ọ̀kì ẹnu ọ̀nà, kó fi irú èyí tí wọ́n ń fi fóònù ṣí síbẹ̀. Ìwé kékeré tí mo máa ń kọ páásíwọ́ọ̀dù sí, ó ní ohun ìtìjú ni, kí n jẹ́ kí fóònù máa bá mi rántí.

Èmi kò kórìíra ẹ̀rọ. Mo ń fi fóònù sanwó, mo ń fi ṣèpàdé. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á kí ohun gbogbo wà lójú kan. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń ba màmá. Bàbá wọn náà ti gbè sẹ́yìn wọn. Ṣé ìfura mi ti pọ̀ jù ni? Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀, kó jọ̀wọ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Kó má dẹ́rù bà mí, kó má sì tàn mí.

Bàbá Aláròyé:
Ìyá, ẹ má sun nǹkan kan! Ìfura loògùn àgbà. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021? Facebook, WhatsApp, Instagram, gbogbo wọn ló kú fún nǹkan bíi wákàtí 6. Kò sí ọ̀tá kankan tó kọlù wọ́n. Wọ́n ń ṣe àtúnṣe tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni, àṣẹ kan tí wọ́n fún ẹ̀rọ ló já gbogbo ibùdó kọ̀ǹpútà wọn kúrò lára ara wọn. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn gan-an ò rọ́nà wọlé dáadáa lọ ṣe àtúnṣe ọ̀hún, torí káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn náà gbára lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti kú. Bí ilẹ̀kùn bá lè kọ̀ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ, ta wá ni tiyín?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:
Bàbá, mo kí yín o, ṣùgbọ́n ẹ ti lú nǹkan méjì pọ̀. Kí nǹkan má ṣí lónìí, ìyẹn lọ́tọ̀. Kó sọnù pátápátá, ìyẹn náà lọ́tọ̀. Wákàtí 6 yẹn kọjá, àwọn ènìyàn sì padà bá nǹkan wọn níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú omijé, ohun tó ń ṣe wọ́n kì í le tó yẹn: fóònù bọ́ sómi, kò sì sí ẹ̀dà níbòmíràn, tàbí ẹnì kan pa fọ́tò rẹ́ láìmọ̀.

Mi ò sọ pé nǹkan kì í sọnù lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ńlá o. Lọ́dún 2019, MySpace, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń pín orin àti fọ́tò, kéde pé fọ́tò, fídíò àti orin tí àwọn ènìyàn gbé síbẹ̀ ní ohun tó lé lọ́dún 3 ṣáájú ìgbà náà lè má sí mọ́, torí ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù láti server (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú nǹkan) kan sí òmíràn ni nǹkan ti bàjẹ́. Google náà ti ní òun lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọdún 2 rẹ́, oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ìyá, ẹ bi ọmọ yín léèrè ẹyọ kan: bí àkáǹtì yìí bá kọ̀ tí kò ṣí lọ́la, níbo ni ẹ̀dà kejì wà? Bó bá lè nawọ́ sí ibì kan, ó ti ń ronú nìyẹn. Bó bá kàn ní "kò lè ṣẹlẹ̀", ẹ tún béèrè.

Ọmọ Ìsinsìnyí:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o. Ìwé wo ni kì í bàjẹ́? Ikán ń jẹ ẹ́, omi ń wọ̀ ọ́, iná ń jó o, fọ́tò sì ń ṣí bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ẹ̀rọ nìkan la máa ń fura sí, a kì í fura sí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́tà bàbá yẹn jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé yìí kí ẹ̀gbọ́n tó yà á. Ní báyìí ó ti di méjì. Ohun rere ló ṣe, kí ẹ yìn ín mà. Sísun yẹn nìkan ni mi ò gbè é lẹ́yìn, torí ńṣe ló fẹ́ kó padà di ẹyọ kan.

Bàbá Aláròyé:
Ọmọ yìí, o sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ikán kì í jẹ ìwé gbogbo ayé lọ́jọ́ kan náà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, iléeṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ṣe ààbò fún kọ̀ǹpútà, fi àtúnṣe kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 ló dákú. Ọkọ̀ òfúrufú ò gbéra, àwọn ilé ìwòsàn ń wá gègé. Ohun tí mò ń sọ kò ju ìyẹn lọ: gbogbo wa la rọ̀ mọ́ ẹ̀ka kan náà.

Olùṣírò:
Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá síbi tó máa ń dun ènìyàn gan-an. Wọ́n jí fóònù àbúrò mi. Gbogbo nǹkan rẹ̀ pé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹyọ kan ò sọnù, ṣùgbọ́n kò lè wọlé síbẹ̀. Ímeèlì ní kó mú kóòdù tí òun fi ránṣẹ́ sí fóònù wá. Fóònù tuntun ní kó kọ́kọ́ wọ ímeèlì kí òun tó dá nǹkan padà fún un. Áàpù tó ń pèsè kóòdù, inú fóònù tí wọ́n jí ló wà. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ni wọ́n tì mọ́ inú àpótí fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ rí màbo kó tó bọ́.

Ìyá Olùkọ́, ibi tí mo fẹ́ kí ìfura yín dojú kọ nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé cloud máa wó. Fóònù kan ṣoṣo, tó ń mú ẹrù dání, tó tún ń mú kọ́kọ́rọ́ dání, tó tún fẹ́ di kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Google máa ń fún ni ní nọ́ńbà 10 tí wọ́n ń pè ní Backup codes, tí ẹ lè fi wọlé bí fóònù ò bá sí lọ́wọ́ yín, oní-dígíìtì 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sì lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abala ààbò nínú àkáǹtì yín lẹ ti máa rí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bẹ́ẹ̀ ni o, bébà tí wọ́n fẹ́ dáná sun. Kí ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù yẹn kan náà, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Olùkọ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ mi ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ, ó ti ń fajú ro díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀dà méjì ni òun ní: ọ̀kan lórí fóònù òun, ọ̀kan lórí cloud, wọ́n sì máa ń bá ara wọn mu nígbà gbogbo láìjẹ́ pé òun fọwọ́ kàn án. Ṣé ìyẹn ò tó? Kí wá ni ti ìwé páásíwọ́ọ̀dù mi?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:
Ìyá, bíbára mu yẹn gan-an ni ìṣòro. Ohun méjì tó ń bára wọn mu nígbà gbogbo, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á bá a bàjẹ́. Kí ó ṣí Google Photos rẹ̀ wò: bó bá pa fọ́tò kan rẹ́ níbẹ̀ lórí fóònù, ó ti kúrò lórí cloud náà nìyẹn. Inú ààtàn áàpù náà (Trash) ló máa wà fún ọjọ́ 60, lẹ́yìn ìyẹn ó parí. Ọmọdé tó ń fi fóònù ṣeré lè pa ọgọ́rùn-ún rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀dà gidi ni èyí tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù rárá, bíi hard disk tí ẹ so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹ kó nǹkan sí, tí ẹ sì yọ kúrò. Ohun tí àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń sọ ni pé kó jẹ́ ẹ̀dà 3, kí wọ́n wà lórí oríṣi nǹkan 2, kí 1 nínú wọn má gbé ilé kan náà pẹ̀lú ìyókù. Bébà yín wà nínú 3 yẹn o!

Kí ó má fi fúláàṣì kékeré ṣe é. Bí fúláàṣì bá pẹ́ lọ́dún púpọ̀ nínú dúrọ́ọ̀ láìrí iná, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Kó má sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ̀ lórí WhatsApp kó wá ní ẹ̀dà nìyẹn, WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè kéré, kì í sì í mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá máa gba ibẹ̀, kó fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kó dán an wò. Iléeṣẹ́ GitLab, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ wọn, ní ọ̀nà 5 tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan pa àkójọ nǹkan gidi rẹ́, ó ṣèèṣì. Nígbà tí wọ́n máa wo ọ̀nà 5 yẹn, kò sí èyí tó ṣeé gbára lé; òmíràn ò tiẹ̀ tíì ṣiṣẹ́ rí. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ti ṣe ní nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú ni orí fi kó wọn yọ. Àwọn náà ò ṣe nǹkan tó burú ju pé wọn ò dán an wò. Kí ọmọ yín wá fóònù míràn, kó má fọwọ́ kan tirẹ̀, kó gbìyànjú láti mú lẹ́tà bàbá yọ. Bó bá mú un yọ, mo kí i kú iṣẹ́.

Aṣọ́bodè:
Ti ìwé páásíwọ́ọ̀dù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n dójú tì yín. Bruce Schneier, tó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, ti gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn láti ọdún 2005 pé kí wọ́n kọ páásíwọ́ọ̀dù wọn sórí bébà, kí wọ́n sì tọ́jú bébà náà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè nawọ́ dé inú dúrọ́ọ̀ yín. Lọ́dún 2022, àwọn olè wọ LastPass, tó ń bá àwọn ènìyàn tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, wọ́n sì kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ. Wọ́n ti fi kóòdù bo páásíwọ́ọ̀dù inú rẹ̀ kí ẹlòmíràn má lè kà á, ṣùgbọ́n ẹni tó fi páásíwọ́ọ̀dù kúkúrú ti àpótí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò lè balẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹnu la fi ń gbè sẹ́yìn ìwé. Ẹni tó ń wọlé tó ń jáde nílé yín lè ṣí i wò, kò sì sí ẹni tó máa ta yín lólobó. Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ pọ̀, áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù ṣì sàn fún un ju kó fi ọ̀kan ṣoṣo ṣí gbogbo nǹkan. Ti ímeèlì ni kí ẹ jẹ́ kó gùn, kó má sì jọ ti ibòmíràn, torí ẹni tó bá gba ímeèlì ti gba ìyókù.

Òṣìṣẹ́ Ìwé:
Kúkúrú ni tèmi. Ẹ tọ́jú ojúlówó ìwé ẹ̀rí àti ìwé ilẹ̀. Fọ́tò ìwé kì í ṣe ìwé. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló máa ń fẹ́ fi ojú rí òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù gan-an. Ẹni tó ti sun ún ló máa wá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní lọ-bọ̀.

Bàbá Aláròyé:
Ẹ fi ti ọjọ́ àtisùn kún un. A ò ní kú lọ́mọdé, ṣùgbọ́n ta ló máa ṣí fóònù bí ẹni tó ni ín ò bá sí mọ́? Láti ọdún 2013 ni Google ti ní ibi tí èèyàn ti lè yan ẹni tó máa jogún ohun tó wà nínú àkáǹtì bó bá pẹ́ tí kò lò ó. Apple náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 2021. Ẹnu mi rèé tó ń yin ẹ̀rọ, kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Olùkọ́:
Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bá wa dá yín sí. Bébà dúró, a ti fẹnu kò síbẹ̀. Ó ní òun máa wá hard disk, kí ó wà lọ́dọ̀ àbúrò òun, òun á sì tẹ nọ́ńbà 10 yẹn jáde fún èmi àti bàbá rẹ̀. Ìwé páásíwọ́ọ̀dù mi kò ní kúrò níbi tó wà. Ti ilẹ̀kùn nìkan ló kù, kò fẹ́ gbà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:
Ìyá, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta kó tó rà á. Ṣé ó máa ń ṣí bí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá sí? Ṣé ó ní ojú kọ́kọ́rọ́? Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, kí lẹ máa ṣe? Àwọn kan wà tí ẹ lè fi bátìrì kékeré oní-9 volt (9V) kan lára láti ìta kí wọ́n lè ṣí. Èyí tó bá jẹ́ pé server iléeṣẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣí, ẹ má jẹ́ kó wọlé yín. Iléeṣẹ́ Revolv ń ta ẹ̀rọ tó ń darí iná àti nǹkan inú ilé. Nest, tó wà lábẹ́ Google, rà wọ́n lọ́dún 2014, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2016 wọ́n pa server náà, ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ti fi owó ara wọn rà di òkú lára ògiri, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Bí èyí tó fẹ́ rà bá ṣáà ní ojú kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó rà á. Kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán, tí kì í gbé inú ilé yẹn.