Èsì: "Ìfìyàjẹni" àti "ìkéde fún òbí", mi ò gbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Alàgbà tó kọ̀wé lánàá ní "ìfìyàjẹni" ni kí á máa lò fún "bullying" bí a bá ń túmọ̀ lẹ́tà tí àwọn ilé ìwé ní New Jersey, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń kọ sí òbí nígbà tí ọmọ kan bá ń yọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní fífi ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó òbí létí, "ìkéde fún òbí" ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbà.

Ta ní ń fìyà jẹ ọmọ? Bàbá, ìyá, tíṣà, ẹni tó bá láṣẹ lórí rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi gba irú lẹ́tà yẹn rí: "A n se iwadii lori ifiyaje omo yin." Kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Ó ti wọ bàtà, ó fẹ́ lọ bá tíṣà jà! Àṣé ọmọ kan ló ń sín tirẹ̀ jẹ nínú bọ́ọ̀sì nítorí ahọ́n rẹ̀ kò tíì yí sí Gẹ̀ẹ́sì ibí. (Ẹ tún wá kọ "iya omo" láìfi àmì sí i, ká mọ̀ bóyá ìyà ni àbí ìyá.)

Òfin New Jersey lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí gómìnà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2011, kò dá lórí lílù nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹnu wà níbẹ̀, ohun tí a kọ wà níbẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù náà ńkọ́? Ó wà níbẹ̀. Bó sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tó ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tẹ̀lé ẹni tó mú "ìfòòró" wá: ta ló ń fòòró èèyàn lẹ́ẹ̀kan?

Ìfínràn ni tèmi. Bí àwa ọmọdé bá jà, ìbéèrè kan ni bàbá mi àgbà ń bi wá kí wọ́n tó fa pàṣán yọ: "Ta ló kọ́kọ́ fín ìkejì níràn?" Ẹ má bi mí ohun tí "ìràn" túmọ̀ sí lódindi.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fi "bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀" dá mi lóhùn. Ìyẹn, ìnira ni. Àwọn tó gbé họ́sítẹ́lì náà á ní sínìọ̀ fìyà jẹ àwọn. Òótọ́ ni, torí gbogbo ilé ìwé ti gbà pé sínìọ̀ láṣẹ láti dá júníọ̀ kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń gbèjà sínìọ̀, ẹ ò rí i ni?

Ìkéde wá ńkọ́? Akéde ló ń lu agogo kiri ọjà. Òfin ní kí ọ̀gá ilé ìwé sọ fún òbí gbogbo ọmọ tọ́rọ̀ kàn, kí ìwádìí parí láàárín ọjọ́ ilé ìwé 10, kí àbájáde rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ òbí ní kíkọ láàárín ọjọ́ ilé ìwé 5 lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ bá ti gbọ́ ọ. Èwo ni ti agogo níbẹ̀? Ìfitónilétí ni, etí òbí nìkan.

Ẹ ní ẹ ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ni ní Yorùbá. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá tó ń ka lẹ́tà náà ní ibùdókọ̀ kò sí ní kíláàsì yín.

Ti bóyá "ọ̀gá" ilé ìwé ni àbí "olùdarí" tí ẹ tún fẹ́ gbé dìde, n ò dá sí i lónìí. Ọ̀la ni mo ń dá lẹ́tà tí mo ń túmọ̀ padà fún ilé ìwé, ìfínràn ni mo sì ti kọ síbẹ̀.