Bọ́tìnnì trumpet mi ń há, Ojúde Ọba sì ti ń bọ̀

Ọmọ_Ìmọ̀wò: Ẹ̀yin ará ilé ẹ gbà mí o. Trumpet tòkunbọ̀ tí mo rà, bọ́tìnnì kejì kì í tètè dìde mọ́ tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, àwa la sì máa fọn fún regbérégbé kan (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) níbi Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá tó ń bọ̀. Bọ̀dá kan ní kí n da òróró ẹ̀pà sí i, ṣó dáa?

Afọnfèrè_Ṣàgámù: Háà, àbúrò, má dán an wò! Á lẹ̀ mọ́nú ẹ̀ ni. Valve oil, epo tí wọ́n ṣe fún bọ́tìnnì trumpet, ni kó o rà, ó ṣàn bí omi. Tú bọ́tìnnì yẹn, fi aṣọ tí kì í ya òwú nù ún, kán epo bíi ẹ̀kán 3 sí i, kó o dá a padà sí ihò tiẹ̀ gan-an, nọ́ńbà 1, 2, 3 wà lára wọn, tó o bá ṣì wọ́n gbé afẹ́fẹ́ ò ní kọjá dáadáa.

Bàbá_Báǹdì: Òótọ́ ni. Àwọn páìpù tá a máa ń fà ńkọ́, gíríìsì ni tiwọn. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni kó o fi fọ̀ ọ́, gbígbóná lè bó ọ̀dà ara ẹ̀. Ibi tá a ń gbẹ́nu lé, tó bá há, má fẹ̀mú fà á o, tèmi tẹ̀ báyẹn, ó dùn mí gan-an.

Ọmọ_Ìmọ̀wò: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la ni mo máa wá epo yẹn lọ.