Àbúrò mi ń gbẹ, síbẹ̀ ó ní òun sanra jù
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la wà, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, ti rù débi pé egungun ọrùn ẹ̀ ti yọ síta, síbẹ̀ tó bá wo dígí á ní ikùn òun tóbi, tó bá jẹ àmàlà díẹ̀ báyìí á máa sunkún pé òun ti ba gbogbo nǹkan jẹ́, á wá febi pa ara ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìgbà míì á tiẹ̀ ki ìka bọ ọ̀fun kó lè bì í. Nǹkan oṣù ẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Màámi ní ayé ló ń ṣe é, àmọ́ lójú tèmi, èrò ọkàn ẹ̀ ló ń bá a jà. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí, ṣé dókítà ọpọlọ wà ní LAUTECH Teaching Hospital tàbí Bowen tó lè tọ́jú ẹ̀? Kí ni mo lè sọ fún un tí ò ní dìjà?