Ìdádúrófọ́lọ́run kọ́ o, ẹ̀gbọ́n: ẹ dá "dè" wa padà fún wa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ó rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi wá orí ọ̀rọ̀ fún ìwàásù mi, torí Sọ́ńdè àwọn ìyá ìjọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀ níbí n'Íléṣà, èmi ni wọ́n ní kí n wàásù, ọ̀rọ̀ pé ká dúró de Ọlọ́run ni wọ́n sì gbé fún mi. Èmi kì í ṣe pásítọ̀ o, ọjà ni mò ń tà l'Átakúmọ̀sà, mi ò tíì gun àga ìwàásù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Ẹ̀gbọ́n wa kan n'Ífẹ̀ wá dá mi lóhùn, wọ́n ní "dúró de" ti gbó, ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni, àwọn ti ṣẹ̀dá tuntun: ìdádúrófọ́lọ́run. Wọ́n tú u palẹ̀ pé "dá" yẹn ni pé èèyàn fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ dúró, "fún" sì ni pé tìtorí Ọlọ́run ló ṣe dúró. Mo rí i pé àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, àbúrò yín ni mí, ẹ ti fi Yorùbá gboyè kí n tó mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò dáa, ó sì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká mú "dá" yẹn ná. Tí ọlọ́pàá bá na ọwọ́ sí mọ́tò lójú títì, kí ló ṣe fún un? Ó dá a dúró. Tí ọ̀gá ò bá fẹ́ ọmọọṣẹ́ mọ́, wọ́n á ní wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìjọ wa, alẹ́ Fráídé kì í kọjá ká má gbàdúrà títí ohùn á fi há pé kí Olúwa gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀mí ìdádúró. Àwọn tó sì ń gba àdúrà yẹn kíkankíkan, ìyá tó ti ń wójú ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí ọmọ rẹ̀ ti jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́, àwọn náà ló máa jókòó síwájú mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ṣé kí n wá dìde níṣojú wọn kí n ní ìdádúró ni Olúwa fẹ́ fún wọn? Wọ́n á ní mo ń gbé àwọn ṣépè ni.

Mi ò sọ pé kò sí ìdádúró tó dáa o. Gbogbo wa ní agbègbè yìí la mọ ìtàn Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, bó ṣe ń wa rólà tí wọ́n fi ń tẹ títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní 1928, tí ẹ̀rọ yẹn dákẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkejì-Arákeji tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, tó sì gbọ́ ohùn tó ń pè é. Ìyẹn gan-an ni ìdádúró, Ọlọ́run ló dá a dúró. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn títí di ìsọjí 1930 l'Ókè-Ooye níbí, ààwẹ̀ ló ń gbà, àdúrà ló ń gbà, ó ń wàásù kiri. Apá kejì yìí ni "dúró de", ìyẹn ni wọ́n ní kí n wàásù lé lórí, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tuntun yín sì jù nù.

"Fún" ńkọ́? Tí a bá ní nǹkan kan dúró fún nǹkan kan, ṣé kì í ṣe pé ó ń ṣojú fún un ni? Aṣòfin dúró fún àdúgbò ẹ̀, àmì dúró fún ọ̀rọ̀. Ta ló wá fẹ́ dúró fún Ọlọ́run? Èdè òyìnbó ló fara pamọ́ sábẹ́ "fún" yẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an lẹ sì máa ń bá wa wí nítorí irú ẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. Yèyé tó bí bàbá mi, àwọn ló tọ́ mi. Oko kòkó bàbá àgbà jìnnà. Tí yèyé bá ti gúnyán, wọ́n á kọ́kọ́ bu ti bàbá sínú abọ́ onídèérí, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kí ó má tutù, wọ́n á ní "mo bù ú de bàbá yín." Lọ́jọ́ mìíràn òjò á ti dá bàbá dúró sóko, ilẹ̀ á ti ṣú, àwa ọmọ á ti sùn, yèyé ò ní tíì ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣì tan àtùpà, wọ́n á máa ko iná pọ̀. Ṣé ẹ rí i? Òjò ló dá bàbá dúró. Yèyé ló dúró de bàbá. Alẹ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì ṣẹlẹ̀, wọn ò sì jọ ara wọn.

"Dè" kì í sì í ṣe ti "dúró" nìkan. À ń bu oúnjẹ dè, à ń wolé dè, à ń múra sílẹ̀ de àlejò, ọdẹ ń ba de ẹran. Ọwọ́ ń ṣe nǹkan, ojú sì wà lọ́nà ẹni tó ń bọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó di ẹni tó kàn dúró gbagidi bí òpó iná.

Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ "ìrètí" ti tó dípò "dúró de". Rárá o, Róòmù 8:25 ya méjèèjì sọ́tọ̀: "bí àwa bá ń retí èyí tí àwa kò rí, ǹjẹ́ àwa ń fi sùúrù dúró dè é." Ẹni tó sùn lè máa retí.

Kì í sì í ṣe pé a ò mọ ọ̀rọ̀ ṣẹ̀dá. Àwa Ìjẹ̀ṣà làwọn èèyàn ń pè ní òṣómàáló, àwọn bàbá wa tó ń ru aṣọ tà láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, "òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi." Odindi gbólóhùn di orúkọ, ẹnikẹ́ni ò jókòó ti ìwé kó tó ṣẹ̀dá ẹ̀, ẹnu ló ti jáde. Mi ò ní fi wé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, torí kò jẹ wá ní gbèsè. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ rí bí ọ̀rọ̀ tuntun ṣe ń dùn létí tó bá bá èdè mu ni.

Bíbélì tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú, tó pé odindi ní 1884, ti yanjú ẹ̀. Ẹ ṣí Sáàmù 40: "Ní dídúró èmi dúró de Olúwa." Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà "Dídúró De Olúwa" ni mo kọ fún àwọn tó ń ṣe pósítà.

Àwọn kan ti tún ń bá mi fà á pé kí n fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí "de" yẹn, kó di "dè", torí Bíbélì àtijọ́ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ pe Dúródọlá lórúkọ kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ohùn lọ sílẹ̀ níbẹ̀. "Dè é", "dè mí", ó lọ sílẹ̀. "De Olúwa", kò lọ. Tí ẹ bá ní ìwé ló tọ́ tí etí yèyé mi ò tọ́, a ò tíì parí ẹ̀ nìyẹn. Àǹtí tó sì ní "dúró ti Olúwa" ló yẹ, pé bí ìránṣẹ́ ṣe ń dúró ti ọ̀gá ni, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo ṣì ń rò ó, ṣùgbọ́n Rótìmí àti Dúródọlá kì í ṣe orúkọ kan náà.

Abọ́ onídèérí yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìdérí ẹ̀ ti bó díẹ̀ létí. Mo máa gbé e dání gun àga ìwàásù lọ́jọ́ Sọ́ńdè.