Crossword oníṣẹ́ ọwọ́: wọ́n lé oníná kúrò níṣẹ́, inú ẹ̀ wá ń dùn kẹ̀?

TélóÒkèlele:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ra àkàrà lánàá nítòsí Ọjà Ọba, ìyá yẹn fi bébà wé e fún mi, ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo rí i pé crossword òyìnbó ló wà lára bébà náà, eré àlọ́ tí èèyàn ń fi lẹ́tà ìdáhùn kún inú ilé kéékèèké ní ìbú àti ní òòró, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo ní mo fẹ́ sùn, mo bá mú báírò. Láti àná mi ò tíì gbádùn.

Ọ̀rọ̀ gígùn 4 ló gba ìbú níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn ilé 9 (mò ń pè é ní ilé bíi ti ayò, ẹ má bínú), àlọ́ wọn sì jọra: lọ́yà tí wọ́n lé, oníná tí wọ́n lé, alágbàfọ̀ tí wọ́n lé. Ẹ̀kẹrin, epo àkàrà ti bo àlọ́ ẹ̀, "tí wọ́n lé" nìkan ni mo rí kà. Ti lọ́yà ò le, DISBARRED ni, ìyẹn kí wọ́n yọ orúkọ lọ́yà kúrò nínú ìwé àwọn lọ́yà. Ti oníná, àwọn ọ̀rọ̀ òòró ló bá mi gbé e jáde, ó di DELIGHTED. Ẹni tí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló wá ń yọ̀ yẹn? Alágbàfọ̀ ńkọ́, mo fi DISMISSED sí i, ilé 9 ló pé pérépéré, àmọ́ ọ̀rọ̀ òòró kan gba inú ẹ̀ kọjá, ilé 3, wọ́n ní ẹranko tó jọ ọ̀bọ tí ò nírù, ó ń fún mi ní ASE. Ṣé ẹranko kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ gbà mí o.

TísàỌ̀fà:
Àbúrò, wọ́n dẹ pańpẹ́, o sì kó sí i wọ̀ọ̀. APE ni ẹranko yẹn, o mọ̀ ọ́n.

Gbọ́, má wo ìtumọ̀ odindi ọ̀rọ̀. Gé orí ẹ̀ kúrò, kí o wo inú ẹ̀, irinṣẹ́ onítọ̀hún lo máa bá níbẹ̀. LIGHT ni iná, àbí? DE tó wà níwájú ẹ̀ ló ní kí wọ́n mú un kúrò. Oníná tí wọ́n lé, wọ́n mú iná lọ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, kò sí pé ó ń yọ̀ níbì kankan. Ti lọ́yà náà, BAR ló wà nínú ẹ̀, ṣebí wọ́n máa ń sọ pé wọ́n pe lọ́yà sí Bar. Ó wá ku alágbàfọ̀. Tó bá fọ aṣọ tán, tó sá a, tó gbẹ, kí ló kàn?

TélóÒkèlele:
Á lọ̀ ọ́ ni. PRESS! Yéè! DEPRESSED! Ẹ wò ó, S-S-E-D ló parí méjèèjì, ìyẹn ló tàn mí jẹ, mo rò pé mo ti gbà á. Ẹ ṣé sà. Báírò ni mo fi kọ ọ́ o, bí mo ṣe ń pa á rẹ́ bébà ti lu síbẹ̀.

ÌyáÌbejìÀjàṣẹ́:
Téló, ìwọ gan-an ńkọ́ tí wọ́n bá lé ẹ?

TísàỌ̀fà:
UNSUITED ni tiẹ̀, ma. Ilé 8 péré ni, kò lè wọlé síbẹ̀.

ÌyáÌbejìÀjàṣẹ́:
😂😂 Ẹ jẹ́ ká fi tòyìnbó sílẹ̀ jàre, tiwa dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo awakọ̀. Ẹ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù? AWA. Akọ̀pẹ ńkọ́, ẹ gba ọ̀pẹ ẹ̀, AKỌ ló kù, kò ní nǹkan mìíì. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ahunṣọ, àti pé ilé wa ni wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, ẹ gba aṣọ lọ́wọ́ ahunṣọ, AHUN ló ṣẹ́ kù. Mo sọ ọ́ fún bàbá ilé wa báyìí, ó ní òun mọ ahunṣọ kan tí wọn ò tíì gba aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀ tó ti ń ṣahun 😂

TélóÒkèlele:
Ẹ dúró, ma, ẹ dúró. Àdúgbò wa ni wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Ẹ gba ìkòkò lọ́wọ́ amọ̀kòkò… AMỌ̀! Ó padà sídìí amọ̀! Mo pariwo níbí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rò pé abẹ́rẹ́ gún mi.

ÌyáÌbejìÀjàṣẹ́:
Ìyẹn dáa ju tèmi lọ, mo gbà fún ẹ.

TísàỌ̀fà:
Ẹ bá wa ṣe odindi ẹ̀ ní Yorùbá nígbà náà. Òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ crossword, Arthur Wynne, ọmọ Liverpool, ìwé ìròyìn New York World ló ti gbé tiẹ̀ jáde, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913, "Word-Cross" gan-an lorúkọ tó kọ́kọ́ fún un kí wọ́n tó yí i sódì. Nǹkan kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yanjú ni GB. Lẹ́tà kan ni, lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, torí náà ilé kan ló máa gbà. Alágbẹ̀dẹ, ilé 7.

ÌyáÌbejìÀjàṣẹ́:
Ilé 8 ni o. Ta ló fẹ́ há G àti B mọ́ inú ilé kan bí èrò inú dáńfó?

TísàỌ̀fà:
7 ni, ma.

TélóÒkèlele:
Ẹ jọ̀ọ́ kí ìjà tó ṣẹlẹ̀, ẹ bá mi wo èyí tí epo bò yẹn. Àwọn òòró ti fún mi ní D, I, S, ilé òfìfo, O, ilé òfìfo, V, E, D. Mo ti gé orí ẹ̀ bí Tísà ṣe wí. Ó ku òfìfo, O, òfìfo, VED. Iṣẹ́ wo nìyẹn?

ÌyáÌbejìÀjàṣẹ́:
Fi S síwájú, fi L sáàárín.

TélóÒkèlele:
SOLVED. DISSOLVED. Ta ni iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa… Háà. Ẹni tó ń ṣe crossword ni wọ́n lé! Èmi ni!

Ẹ jẹ́ n lọ, obìnrin kan ti jókòó síbí láti ìgbà tí mo ti kírun Alásárì, búbá ẹ̀ ò tíì ní apá.