Orlando lóṣù Jánúárì: báwo la ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn gbájú-ẹ̀?

Àbẹ̀ní Alárìnkiri:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè ni mo gbé wá. Èmi, ọkọ mi, ìyá mi àtàwọn ọmọ méjì tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé fẹ́ lọ Orlando ní Florida níparí Jánúárì, torí wọ́n ní ìgbà yẹn lọjà máa ń kú níbẹ̀, àwọn tó wá ṣọdún tuntun ti lọ, àwọn ọmọ iléèwé ti padà sí kíláàsì, ìlà ò gùn, hòtẹ́ẹ̀lì náà ò sì wọ́n. Ọkàn mi ti balẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orí mi ti fẹ́ẹ̀ dàrú. Ọkùnrin kan lóun ní tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìgbafẹ́ Disney ọlọ́jọ́ márùn-ún, pé òun ti lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, òun á ta mẹ́ta tó kù fún mi ní ìdajì owó. Àwọn kan tún pè mí pé wọ́n á fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì Universal, ọgbà ìgbafẹ́ kejì, lọ́fẹ̀ẹ́ tá a bá ti lè wá jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú 90 péré, oúnjẹ àárọ̀ tún wà ńbẹ̀. Ilé kan tí mo rí ní Kissimmee nítòsí Orlando, tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé, onílé ní kí n má sanwó gba orí sáìtì, kí n fi ránṣẹ́ sóun tààrà kóun lè dín in kù fún mi. Èwo lòótọ́ nínú gbogbo ẹ̀? Ìyá mi ní kí n yáa gba ti ọ̀fẹ́ yẹn, pé kí ló ń dà mí láàmú.

Dẹ́rẹ́bà 192:
Àbúrò mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé àlejò kiri Orlando, ohun táwọn èèyàn ò sì mọ̀ ni pé ìgbà tọ́jà bá kú gan-an lara máa ń ta àwọn gbájú-ẹ̀ yìí jù. Ní Júláì tí gbogbo ibẹ̀ kún fọ́fọ́, tẹ́nì kan bá lóun ò rà, ọgọ́rùn-ún míì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, wọn ò ráyè yín. Ṣùgbọ́n ní Jánúárì tàbí Sẹ̀tẹ́ńbà, tẹ́ ẹ bá ń rìn lọ ní International Drive, òpópónà táwọn àlejò máa ń pọ̀ sí, pẹ̀lú ọmọ méjì àti ìyá àgbà, ẹ̀yin nìkan lẹran tó wọ àgbàlá lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ọ̀bẹ ló ń wò yín.

Ọkùnrin onítíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì Disney tẹ́nì kan bá ti fi wọlé ti di tiẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé fún ẹlòmíì. Lẹ́nu ọ̀nà wọ́n á ní kí àgbàlagbà fi ìka lé ẹ̀rọ, ìka rẹ̀ lẹ̀rọ ti mọ̀, kò mọ tiyín. Yàtọ̀ síyẹn, déètì ti wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ayé ìsinyìí, ẹni tó bá ra ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò lò ó tán, èyí tó bá ṣẹ́kù ti jóná. Ṣé ẹ rí i, ọjọ́ mẹ́ta tó fẹ́ tà yẹn ti lè kú kẹ́ ẹ tó wọ bàálù! Òfin Florida gan-an ò fàyè gbà á, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ta ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ tó ti lò. Ẹ rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọgbà náà fúnra wọn. Bí èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ yín ò bá tíì pé ọdún 3, ọ̀fẹ́ ló máa wọlé, ní Disney àti ní Universal, ẹni tó bá fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un ti fẹ́ fi yín ṣe mùgùn.

Ìyá Káyọ̀dé:
Ti ìṣẹ́jú 90, ẹ jẹ́ kí èmi tó ti jìn sí kòtò ẹ̀ sọ ọ́, torí ẹyẹ ló yẹ kó sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Timeshare lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á ta bí ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún fún yín nínú ilé ìgbafẹ́ kan, ẹ ó sì máa san owó ìtọ́jú ilé náà lọ́dọọdún, ẹ lọ o, ẹ ò lọ o, owó náà ò sì ní dúró sójú kan. Jìbìtì kọ́ lójú òfin, òwò tí ìjọba mọ̀ sí ni, ohun tó fi burú gan-an nìyẹn, torí ẹ ò ní rí ẹni pè lọ́lọ́pàá.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la débẹ̀. Ọmọbìnrin kan tẹ́nu ẹ̀ dùn bí oyin ló kọ́kọ́ gbà wá, ó ń béèrè ọmọ, ó ń béèrè iṣẹ́, ó ń bá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ yàrá ìṣeré. Ìṣẹ́jú 90 kọjá, a ní a fẹ́ máa lọ, ó ní kí ọ̀gá òun wá kí wa. Ọ̀gá dé, ojú le díẹ̀, ó ní ṣé a ò fẹ́ràn àwọn ọmọ wa ni. Ọ̀gá lọ, ẹnìkẹta dé pẹ̀lú ìwé kan, ó fi gègé fa owó tàkọ́kọ́ rẹ́, ó kọ ìdajì ẹ̀ síbẹ̀, ó ní iye yìí ò kọjá òní. Ọkọ mi ti ń wo àjà. Ebi ń pa mí, Káyọ̀dé ń sunkún lọ́ọ̀ọ́kán, n ò kúkú mọ ìgbà tí mo tọwọ́ bọ̀wé. Aago méjì ti kọjá ká tó jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wà lọ́wọ́ wa, gbèsè wà lọ́rùn wa.

Ohun tó gbà mí ni pé mo ka ìwé yẹn lóru ọjọ́ kẹta. Òfin Florida fún èèyàn ní ọjọ́ 10 látọjọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé láti sọ pé òun ò ṣe mọ́, kò pọn dandan kó sọ ìdí, òǹtajà ò sì lè ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti yááfì ẹ̀tọ́ yẹn. Àtọjọ́ ìsinmi àtọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń kà pọ̀ o. Inú ìwé fúnra ẹ̀ ni àdírẹ́sì tẹ́ ẹ máa kọ̀wé sí wà, ìwé kíkọ lẹ gbọ́dọ̀ kọ, ọ̀rọ̀ orí fóònù ò ka nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì ní pósí ọ́fíìsì. Mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ keje, owó wa padà. Lánlédì lọkọ mi ṣì ń pè mí dòní.

Ẹ ṣọ́ra fáwọn búkà kéékèèké tí wọ́n kọ Official Visitor Information (ibi ìsọfúnni fún àlejò) sí lára náà, lẹ́bàá ọ̀nà 192 ní Kissimmee. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n kó yín lọ sídìí ìṣẹ́jú 90 yẹn. Ẹni tó máa dá ni láṣọ, ọrùn ẹ̀ là ń wò.

Akin Iṣẹ́ Òru:
Àǹtí Àbẹ̀ní ẹ káàsán. Mo ṣiṣẹ́ òru rí nídìí tábìlì àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Kissimmee, nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Ìkíní, ìwé pélébé tẹ́ ẹ bá rí lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yín, tó ní àwòrán písà àti nọ́ńbà fóònù, ẹ má pe nọ́ńbà yẹn. Nọ́ńbà káàdì yín ni wọ́n fẹ́ gbà, òmíràn ò tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń dáná. Òfin Florida ní kẹ́nikẹ́ni má pín irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri nínú hòtẹ́ẹ̀lì tí onílé ò bá gbà á láyè, síbẹ̀ wọ́n ń yọ́ wọlé, pàápàá nígbà tí èrò ò pọ̀ tá a dín òṣìṣẹ́ kù, torí èmi nìkan ni mo máa ń wà nísàlẹ̀ lóru, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa ṣọ́ gbogbo kọ́rídọ̀?

Ìkejì, tí fóònù yàrá bá dún ní aago méjì òru tẹ́nì kan sì ní ìsàlẹ̀ lòun ti ń pè, pé káàdì yín ò ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀ fóun, ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ ara yín. Mi ò jí àlejò lóru rí nítorí káàdì.

Ẹ tún wo iye tí wọ́n kọ sí hòtẹ́ẹ̀lì dáadáa. Látoṣù Karùn-ún 2025 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kó gbogbo owó kàn-ń-pá bíi resort fee (owó tí hòtẹ́ẹ̀lì ń lé sórí owó yàrá) pọ̀ mọ́ iye tí wọ́n bá fi hàn yín, àmọ́ owó orí lè má sí níbẹ̀ o, 12.5% ni ní Orange County tí Orlando wà, 13.5% ní Osceola tí Kissimmee wà. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì.

Àbẹ̀ní Alárìnkiri:
Há! Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n dẹ́rẹ́bà, ilé yẹn ńkọ́? Fọ́tò ẹ̀ rẹwà o, wọ́n tún fi fídíò ránṣẹ́. A fẹ́ háyà ọkọ̀ pẹ̀lú.

Dẹ́rẹ́bà 192:
Fọ́tò kì í ṣe ilé, àbúrò mi. Mo ti gbé ìdílé kan láti pápákọ̀ òfurufú dé ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n san owó ẹ̀ tán, ẹlòmíì ló ṣílẹ̀kùn, tòun ti pátá ìsùn, kò gbọ́ nípa wọn rí. Aago mọ́kànlá alẹ́, àwọn ọmọ ti sùn lẹ́yìn mọ́tò, ìyẹn ò kúrò lójú mi. Wọ́n jí fọ́tò ilé onílé gbé ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kúrò lórí sáìtì wá san owó fóun ní Zelle (áàpù tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́) tàbí wire (láti báńkì sí báńkì), ó mọ̀ pé owó yẹn ò ní padà tó bá ti lọ. Kódà tílé náà bá wà lóòótọ́, tí nǹkan bá yí, ta lẹ máa kéjọ́ fún?

Ti ọkọ̀: tóògéètì ló kún ojú ọ̀nà 528 àti 417 tẹ́ ẹ máa gbà kúrò ní pápákọ̀. Iléeṣẹ́ tó ń háyà ọkọ̀ lè máa gba owó ojoojúmọ́ lórí tóò yẹn, yàtọ̀ sí tóò fúnra ẹ̀. Visitor Toll Pass kan wà tí wọ́n ń yá àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ nínú pápákọ̀ Orlando, ẹ ó gbé e kọ́ sára dígí inú ọkọ̀, iye tóò nìkan lẹ máa san, ẹ ó sì dá a padà kẹ́ ẹ tó lọ (ọ̀fẹ́ tèmi fọwọ́ sí rèé). Tẹ́ ẹ bá padà délé tí tẹ́ẹ̀sì wọlé pé ẹ jẹ gbèsè tóò, kẹ́ ẹ tẹ líǹkì, ẹ má tẹ̀ ẹ́, FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ nípa ẹ̀ ní 2024. Àwọn ilé epo kan sì wà nítòsí pápákọ̀ tó ń ta epo ní bí ìlọ́po méjì fáwọn tó ń sáré dá mọ́tò padà, ẹ rọ epo yín níbi tó jìnnà díẹ̀.

Àbẹ̀ní Alárìnkiri:
Mo ní kí onílé yẹn jẹ́ ká ṣe é gba orí sáìtì, ó ti búlọ́ọ̀kù mi. Onítíkẹ́ẹ̀tì náà ti dín in kù lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀, n ò dá a lóhùn. Ìyá mi ti gbà bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ ó ní kí n bá òun bi Ìyá Káyọ̀dé bóyá oúnjẹ àárọ̀ yẹn tiẹ̀ dùn.

Ìyá Káyọ̀dé:
Búrẹ́dì tútù àti ẹyin tí ò níyọ̀, mọmi.