Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo Nissan rí n'Ìbàdàn, ẹ wá sọ tẹnu yín

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fẹ́ ta Micra rẹ̀ fún mi, K11, èyí tí ojú rẹ̀ rí róbótó yẹn, ẹ́ńjìnnì 1.0, mánúà. Jẹ́ríkọ̀ ló ti wà látọjọ́ yìí, wọn ò fi ṣe táksí rí. Ìyàwó mi ní òun ò ní jókòó sínú Micra, pé tá a bá fi máa dé Sángo, àwọn èèyàn á ti máa nawọ́ sí wa pé "Mọ́kọlá!" Ẹni tó bá ti lo Nissan rí, Micra ni o, òmíràn ni o, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ṣe yín sí?

Kò Kàn Mí
Ìyàwó rẹ ò purọ́.

Bọ̀dá Sányò
Wọ́n ti ṣe é fún èmi rí. Mo wọ kóòtù, mò ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Bódìjà, mo dúró ra gúgúrú. Kí n tó yíjú padà, màmá kan ti gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ti jókòó, wọ́n ní "Gate ni o, ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ." Kí ni mo fẹ́ wí? Mo gbé wọn dé Gate. Wọ́n sanwó.

Àǹtí Ológùnẹ́rù
Ẹ sì gbà á?

Bọ̀dá Sányò
Epo ló ń jó.

Bàbá Apata
Micra lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Nissan? Ẹ̀yin ọmọ yìí ò tíì rí nǹkan. Datsun 120Y ni mo fi kọ́lé. 1978 ni mo rà á, Dùgbẹ̀ sí Ọjà'ba ni mò ń ná. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ lọ, kì í ṣe tòde òní tí táyà iwájú ń wọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú, ẹ ó fa ṣóòkì, ẹ ó tẹ epo díẹ̀ sí i, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tàn nìyẹn. Tó bá ń já lójú ọ̀nà, kọ́ńtáàtì ni, irin kékeré tó ń jẹ́ kí iná ta nínú ẹ́ńjìnnì. Mi ò ní wá mẹ́káníìkì kankan lọ. Mo máa ń ṣí ìdérí rẹ̀, mo fi ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná, ibi tí wọ́n ń ṣá iná sí yẹn, ha ojú kọ́ńtáàtì náà títí á fi mọ́, mo fi páálí yẹn kan náà wọn àlàfo rẹ̀, mo dé e padà, ó parí. Òkè Mápó ńkọ́? Èrò márùn-ún, àpò èlùbọ́ ní búùtù, gíà kìíní. Ẹ́ńjìnnì á máa sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, àmọ́ kò ní kú.

Àǹtí Ológùnẹ́rù
Bàbá, ṣebí mẹ́rin ni táksí ìgbà yẹn ń gbé?

Bàbá Apata
Ẹnì kan nínú wọn, mọ̀lẹ́bí ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó
Bàbá mi máa ń sọ pé Datsun kógbá wọlé, Nissan wá ra ilé iṣẹ́ rẹ̀. Mo wá ìtàn rẹ̀ kà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1911, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Masujiro Hashimoto dá ilé iṣẹ́ Kwaishinsha sílẹ̀ ní Tokyo. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe jáde ní 1914, DAT ni wọ́n pè é, láti ara orúkọ àwọn mẹ́ta tó kówó sílẹ̀: Den, Aoyama, Takeuchi. Nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré ní 1931, wọ́n sọ ọ́ ní Datson, bí ẹni ń sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ DAT. Àṣé "son" yẹn dún bí àdánù létí àwọn ará Japan. Kíá ni wọ́n yí i sí "sun", oòrùn. Nissan ní tirẹ̀, ìkékúrú Nihon Sangyo ni, ilé iṣẹ́ Yoshisuke Aikawa. Ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ Datsun bọ́ sí ní 1933, nígbà tó sì di 1934 orúkọ ilé iṣẹ́ di Nissan Motor. Nissan náà ló ń ṣe Datsun ní gbogbo ìgbà tí Bàbá Apata ń gun Mápó. 1981 ni wọ́n kéde pé àwọn ò ní máa kọ Datsun sára ọkọ̀ mọ́.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀
Wọ́n gbọ́n. Ta ló máa sọ ọmọ rẹ̀ ní Àdánù? Orúkọ ń ro ọmọ.

Bọ̀dá Sányò
Ìyá Ìbejì, ṣé kì í ṣe àwa la sọ ọmọ ní Àkísàátán? Ó sì dàgbà, ó ra mọ́tò.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀
Àbíkú nìyẹn. Mọ́tò kì í ṣe àbíkú.

Kò Kàn Mí
Ẹ ò tíì rí tilé wa. Mi ò ní sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò lọ́dọ̀ wa, á tún padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Ìyá mi ti ń bi wá bóyá ká kọ ọ́ nílà.

Bàbá Apata
Ẹ má mú un ṣeré. Nígbà yẹn, gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ nípa eré ìje Safari ní Kenya. Shekhar Mehta! Ó gbá wọn ní 1973, ó tún gbá wọn ní 1979, 1980, 1981, 1982. Datsun ló fi gbá gbogbo rẹ̀. Nínú eruku, nínú ẹrẹ̀, lórí òkúta. Ẹ wá ń sọ fún mi lónìí pé gọ́tà ń ba ọkọ̀ yín jẹ́.

Àǹtí Ológùnẹ́rù
Bàbá, ẹ pe Mehta wá kó wá gba àdúgbò mi kọjá lóṣù kẹsàn-án.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi o, nítorí ẹni tó fẹ́ rajà yẹn. Tòkúnbọ̀ Nissan òtòmátíìkì ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CVT. Ọdún méjì gbáko, ẹ ò ní mọ̀gbà tó ń pààrọ̀ gíà, ńṣe ló ń yọ̀ lọ bí òróró. Mo wá ní kí mẹ́káníìkì kan bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì gíà rẹ̀. Orí táyà ni mo jókòó sí, ojú mi ló ṣe é. Ó já èyí tó wà nínú rẹ̀ dànù sínú abọ́, ó da ọ́ìlì pupa sí i. Oṣù kan ò pé. Tí mo bá tẹ epo níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé wa, ariwo á ta, ọkọ̀ á dúró sójú kan, á wá máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Mo padà lọ bá bọ̀dá yìí. Ó ní bí irú ọkọ̀ yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn, kí n tètè tà á, pé òun ní ẹni tó máa rà á.

Bọ̀dá Sányò
Òun ni yóò rà á!

Alápáàtì Gate
Ọ́ìlì pupa yẹn ló ṣe é, màmá. CVT ò ní eyín gíà bí ti mánúà. Púlì méjì ni, bẹ́líìtì irin wà láàárín wọn. Púlì kan á máa fẹ̀, èkejì á máa fún, bó ṣe ń yí ìyára padà nìyẹn. Ọ́ìlì tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni: NS-2 wà fún àwọn kan, NS-3 fún àwọn tó dé lẹ́yìn, ó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ọ́ìlì òtòmátíìkì lásán ò lè jẹ́ kí bẹ́líìtì yẹn di púlì mú. Irin á máa yọ̀ lórí irin, á máa ha ara wọn. Àwọn oníbàárà mi tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ará Ìbàdàn ní Houston
Ẹ má kó gbogbo ẹ̀bi lé mẹ́káníìkì lórí. Níbí, Nissan fúnra wọn fi kún wáráńtì CVT àwọn ọkọ̀ 2003 sí 2010, wọ́n gbé e dé ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì. Ara ò lè dá wọn kí wọ́n ṣe ìyẹn.

Alápáàtì Gate
Mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ wáráńtì Houston ò wọ ọkọ̀ ojú omi tẹ̀ lé tòkúnbọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ màmá ni ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i.

Ará Ìbàdàn ní Houston
Ìyẹn náà tún jóòótọ́.

Tíṣà Mọ́níyà
Ọ̀rọ̀ mẹ́káníìkì yìí ló jẹ́ kí n dá sí i. Micra K11 ni mò ń lò, ọdún kẹsàn-án rèé. Epo tó ń jẹ ò tó nǹkan, mo sì ń rí páàtì rẹ̀ rà. Ẹyọ ohun kan tó ń ná mi lówó ni táímìn bẹ́líìtì. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní, ₦18,000. Èkejì, ₦45,000 pẹ̀lú owó iṣẹ́. Mẹ́káníìkì mi ní tó bá lọ já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì á fọ́ yángá. Olóòótọ́ èèyàn ni, ó máa ń kó èyí tó bá yọ fún mi. Èkejì ṣì wà ní búùtù.

Alápáàtì Gate
Tíṣà, ẹ dúró ná. K11?

Tíṣà Mọ́níyà
Bẹ́ẹ̀ ni. Olójú róbótó.

Alápáàtì Gate
K11 ò ní táímìn bẹ́líìtì. Ṣéènì irin ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Kò Kàn Mí
Yéè.

Bọ̀dá Sányò
Lẹ́ẹ̀mejì!

Àǹtí Ológùnẹ́rù
₦45,000 lórí ohun tí kò sí nínú ọkọ̀. Ọkùnrin yẹn á ti fi ra ràgbò.

Bàbá Apata
Alápáàtì, má kó ẹ̀dùn ọkàn bá Tíṣà. Micra àbúrò mi ní bẹ́líìtì, ojú mi ni wọ́n ṣe yọ ọ́.

Alápáàtì Gate
Bàbá, báwo ni iwájú rẹ̀ ṣe rí?

Bàbá Apata
Onígun mẹ́rin, bíi páálí ìṣáná.

Alápáàtì Gate
K10 nìyẹn, ti 1982. Òun ní bẹ́líìtì lóòótọ́. Nígbà tí K11 máa fi dé ní 1992, ṣéènì ni wọ́n fi sí i, ti 1.0 ni o, ti 1.3 ni o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó
K11 yẹn náà ló gba oyè Ọkọ̀ Ọdún ilẹ̀ Yúróòpù ní 1993. Kò sí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Japan kankan tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Sunderland nílùú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ń ṣe é fún àwọn ará Yúróòpù.

Àǹtí Ológùnẹ́rù
Ọmọ Àgbowó, èèyàn ń sunkún owó níbí, ìwọ ń ka ìwé.

Tíṣà Mọ́níyà
Ọmọ ìjọ wa ni mẹ́káníìkì yìí o. Ẹgbẹ́ akọrin kan náà la wà. Kò lè ṣe irú ẹ̀. Bóyá ti Alápáàtì ni ò yé e.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀
Tíṣà, ẹ fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ fáànù bẹ́líìtì ló ní lọ́kàn, tó kàn ń ṣi orúkọ pè.

Bọ̀dá Sányò
Fáànù bẹ́líìtì wo ló ń gba ₦45,000? Ti bàálù?

Alápáàtì Gate
Ìjà ò sí níbẹ̀. Táímìn bẹ́líìtì ní eyín nínú, ní ìbú, bí eyín ayùn. Fáànù bẹ́líìtì, ilà gbọọrọgbọọrọ ló ní, kò léyín. Ẹ ṣáà lọ wo èyí tó wà ní búùtù yín.

Tíṣà Mọ́níyà
Ilẹ̀ ti ṣú.

Alápáàtì Gate
Fóònù tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé yìí ní tọ́ọ̀ṣì.

Kò Kàn Mí
Kí Tíṣà tó dé: ṣé òótọ́ ni pé inú àpótí ni ọ̀gá Nissan wà tó fi sá kúrò ní Japan?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó
Carlos Ghosn ni. 1999 ni Renault rán an wá, nígbà tí gbèsè fẹ́ gbé Nissan mì, ó sì gbé wọn nílẹ̀. Oṣù kọkànlá 2018 ni wọ́n mú un ní Tokyo lórí ọ̀rọ̀ owó. Ó ní òun ò jẹ̀bi. Wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tó fi bọ́ sí Lebanon lóṣù kejìlá 2019. Irú àpótí ńlá tí wọ́n fi ń kó ohun èlò orin ni wọ́n ní ó fara pamọ́ sí.

Bọ̀dá Sányò
Ẹni tó bá ti jókòó níwájú Micra láti Bẹẹrẹ dé Ìwó Road, òun àti ẹnì kejì lórí síìtì kan, tí gíà ń gún un nítan, àpótí á tù ú lára.

Àǹtí Ológùnẹ́rù
Tí dírẹ́bà á tún ní "ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, bàbá".

Ọmọ Òkè-Àdó
Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà níbí o. Ṣé kí n rà á?

Alápáàtì Gate
Lọ síbẹ̀ ní kùtù hàì. Bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kó má tàn án dè ọ́, kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní kí wọ́n tàn án, kí o tẹ́tí. Tó bá dún ṣàkàṣàkà tí kò sì tètè dákẹ́, ṣéènì ti ń rọ̀. Wọn ò pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ bó ṣe yẹ nìyẹn. Fa igi ọ́ìlì jáde náà, kí o fi ìka méjì fọwọ́ pa á. Tó bá nípọn bíi gbẹ̀gìrì, máa bọ̀ nílé. Tó bá dákẹ́, tí ọ́ìlì sì mọ́, sanwó kí ẹlòmíì tó dé.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀
Ìyàwó ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Àdó
Mo ka ìtàn Bọ̀dá Sányò sí i létí. Ó ní tó bá jẹ́ òun ni, òun á gbowó, òun á tún ra tòmátò yẹn lówó pọ́ọ́kú.

Tíṣà Mọ́níyà
Mo ti dé. Mo tan iná sí i, mo fọwọ́ pa á yípo lẹ́ẹ̀mẹta. Ilà gbọọrọgbọọrọ ló wà lára rẹ̀. Mo wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wo fáànù bẹ́líìtì tó wà lára ọ̀táńátọ̀ mi. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n kọ sára méjèèjì.

Alápáàtì Gate
Eyín ńkọ́?

Tíṣà Mọ́níyà
Kò ní ẹyọ eyín kan.

Kò Kàn Mí
Ọmọ ọwọ́ ni.